Ọdún tí Gbogbo Ilé Ń Rìn bíi Yèyé

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní agboolé wa lẹ́bàá Òkìtìpupa, ìró mẹ́ta ni etí mi máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Àkọ́kọ́ ni ọ̀bẹ ìyá mi tó ń ha èèpo dúdú kúrò lára púpurú, ìṣù ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ lórí àjà ìdáná, háà, háà, háà, bí ẹni ń ha egungun. Èkejì ni ìgbálẹ̀ Àǹtí Fìlísíà, ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń gbálẹ̀ láti ìdí igi àgbọn títí dé ẹnu ẹkù tí a ti ń tẹ ẹyìn. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá Yèyé. Ọ̀pá yẹn kì í kánjú. Ẹsẹ̀ kan á wọ́, èkejì á wọ́ tẹ̀ lé e, ọ̀pá á wá kan ilẹ̀: wọ́ọ́, wọ́ọ́, kó. Ewú ti ń yọ lórí mi báyìí, síbẹ̀ tí mo bá jí ní ìdájí, etí mi ṣì máa ń wá àwọn ìró mẹ́ta náà kiri kí n tó rántí pé ilé mìíràn ni mo wà. Èyí tí mo fẹ́ sọ fún yín jẹ́ ti ọdún kan ṣoṣo, ọdún tí ìró kẹta gba ipò àwọn méjì tó kù.

Àbúrò ìyá bàbá mi ni Yèyé. Kò bímọ kankan, ọkọ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́, bàbá mi ló lọ mú un wá sílé pé kò ní dá gbé. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fún un, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹkù. Èmi tí mo kéré jù nínú ilé, tí mi ò tíì wúlò púpọ̀ lóko, ni wọ́n ní kí n máa sùn tì í. Iṣẹ́ mi ni kí n pọn omi fún un, kí n sì fi àdín pa orúnkún rẹ̀ ní òwúrọ̀ kó tó dìde. Ọjọ́ pẹ́ tí orúnkún méjèèjì ti wú. Bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan máa ń dún nínú rẹ̀ bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀, màá sì fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Yèyé á ní, “Má bẹ̀rù, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.” Eré ló ń bá mi ṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀.

Nǹkan kan wà tí èmi nìkan mọ̀ nípa Yèyé. Ìgbà òjò ni orúnkún rẹ̀ máa ń le jù. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí ètè gbogbo wa ń là, nǹkan á dẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tó máa gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí á máa rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé láìdi nǹkan kan mú. Mo rí i ní ọdún kan, mo tún rí i ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù kò rí i, nítorí pé inú oko ni gbogbo wọn máa ń wà lásìkò náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá sì dé, Yèyé á ti wọlé sùn. Bó ti rí náà nìyẹn. Àwọn ènìyàn kì í wo arúgbó inú ilé wọn. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un, ọwọ́ wọn sì mọ́ níbẹ̀.

Àǹtí Fìlísíà ló mọ ẹyìn tẹ̀ jù ní agboolé wa. Ẹkù tiwa jẹ́ kòtò fífẹ̀ tí bàbá mi fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì mọ, ibẹ̀ la máa ń da ẹyìn sísè sí, tí àwọn obìnrin á sì wọ inú rẹ̀ lọ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo á fi yọ. Bí Àǹtí bá wọ ẹkù, á ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, á di igi tó dábùú òkè mú, á sì máa fò lé e lórí bí ẹni ń jó, àwa ọmọdé á máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá láti Àjàgbà, ẹsẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ rí. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ti dé ibi tó dára, àwọn àna ní tí ọyẹ́ bá parí, àwọn ń bọ̀ wá rí i kí wọ́n tó dá ọjọ́.

Ìgbà náà ni ikọ́ wọlé. Bàbá mi ló gbé e dé láti ibi òkú kan tí wọ́n sin ní Ìjù-Odò, ó ń sín, imú rẹ̀ ń ṣàn. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, gbogbo ilé ti ń wúkọ́. Àwọn ọmọdé agboolé ní èélá wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ lápá àti lẹ́yìn, ó yún wọn, ó sì lọ, èmi nìkan ni kò ràn. Yèyé wúkọ́ fún ọjọ́ méjì, ó mu omi gbígbóná, ó parí. Nígbà tí ó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kejì, ikọ́ náà ti tán nílẹ̀, ìyá mi sì ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa pé Ọlọ́run mú ọwọ́ ibi kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọpẹ́ náà, mo jí, mi ò gbọ́ ìgbálẹ̀.

Àǹtí Fìlísíà wà lórí ẹní, ó jókòó, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un.

“Màmá, ẹ wá wo orúnkún mi.”

Ìyá mi fọwọ́ kàn án. Ó gbóná, ó wú, ó ń dán. Àǹtí gbìyànjú láti dìde, ó tún jókòó. Ìyá mi fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ìgbà náà ni òun náà ṣe bí ẹni iná jó: ìka ọwọ́ tirẹ̀ kò ká. Ọ̀bẹ púpurú wà nílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn àti ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, èjìká bàbá mi kò gbé àdá mọ́. Bọ̀dá Gébú, àbúrò bàbá mi tó ń gun ọ̀pẹ fún ilé wa, kó igbà rẹ̀ lọ sóko, ó sì fi ìdí wọ́ padà wálé, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú bí iṣu ewùrà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ṣe rí fún yín. Ọyẹ́ yẹn nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí igi àgbọn dé orí. Oòrùn ọ̀sán dà bí àwo funfun tí ẹnì kan gbé kọ́. Ẹyìn tí wọ́n ti sè kún inú ẹkù, kò sí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, ó ń kan, agbọ́n sì ń yí i ká. Kò sí ẹni tó lọ sóko. Wọ́n gé ọ̀pá fún ara wọn, tàbí kí wọ́n fi igi ìgbálẹ̀ tì. Yèyé ti gbé ọ̀pá tirẹ̀ fún Àǹtí Fìlísíà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní, “Máa fi tì, mi ò nílò rẹ̀ báyìí.” Bí mo bá jókòó sínú yàrá ẹ̀yìn, tí mo dijú, mo ń gbọ́ wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú ilé ìdáná, lọ́nà ilé ìyàgbẹ́: wọ́ọ́, wọ́ọ́, kó. Wọ́ọ́, wọ́ọ́, kó. Ìyá mi ń rìn bẹ́ẹ̀, bàbá mi ń rìn bẹ́ẹ̀, ọmọge tó ń jó lórí ẹyìn ń rìn bẹ́ẹ̀. Yèyé márùn-ún ló wà nínú ilé wa, èyí tí í ṣe Yèyé gan-an kò sì ní ìró mọ́. Màá yíjú báyìí, màá rí i lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ lásán, láìsí ọ̀pá, ó nàró. Mi ò ní gbọ́ ìgbà tó dé. Ẹ̀rù bà mí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo mọ̀ pé kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, gbogbo wọn na ara sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ẹkù. Pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀. Orin kan ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kéré, orin àwọn tó ti ń tẹ ẹyìn kí a tó bí bàbá mi. Wọ́n wọ́ ara wọn dé ẹ̀yìnkùlé. Yèyé wà nínú ẹkù, ìró rẹ̀ wà lókè orúnkún, epo pupa ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, èéfín ọyẹ́ sì bo orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bí pé ẹsẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

“Ẹyìn yìí ti fẹ́ bàjẹ́,” ni Yèyé wí. “Ṣé kí n máa wò ó?”

Bọ̀dá Gébú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó fara ti ògiri.

“Yèyé, ẹsẹ̀ ta ni ẹ fi ń tẹ ẹyìn yẹn?”

Yèyé rẹ́rìn-ín. “Èyí tí ìyá mi bí mi mọ́ ni, Gébú. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti dá tìẹ padà fún ẹni tó ni ín?”

Ẹ̀fẹ̀ ni. Bí ó ti máa ń bá a ṣe ẹ̀fẹ̀ nìyẹn láti kékeré. Ṣùgbọ́n mo rí i tí Àǹtí Fìlísíà la ọwọ́ rẹ̀, tó fi ọ̀pá Yèyé sílẹ̀ kó ṣubú bí ẹni pé ejò ni. Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀pá náà mọ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ nínú epo tí Yèyé tẹ̀. Ó kó o sínú agbada, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e kalẹ̀, ó sì jókòó tì í. Àwọn àna ti ránṣẹ́ láti Àjàgbà pé àwọn ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹtí sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú bí orúnkún rẹ̀.

Ìyá mi ló ránṣẹ́ pe wòlíì. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó gbàdúrà sí omi, ó wọ́n ọn ká ilé. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun rí ilé kan tí gbogbo ènìyàn jókòó sí, ẹnì kan sì ń rìn. Ìwọ̀nba ohun tó sọ nìyẹn. Ilé ló sọ ìyókù. Bọ̀dá Gébú ní gbogbo wa ni a mọ ẹni tó ti ń fi ọ̀pá rìn láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo wa la sì rí ẹni tó ń tẹ ẹyìn. Yèyé jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Bàbá mi kò fẹ́ gbà. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó wá ọ̀nà, ó sì rí èmi.

“Ìwọ lò ń sùn tì í,” ó wí. “Sọ òótọ́ fún mi. Ǹjẹ́ o ti rí Yèyé rí ṣáájú àkókò yìí, tó rìn láìsí ọ̀pá?”

Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá parí. Mo ti la ẹnu. Àmọ́ Bọ̀dá Gébú ti yíjú sí mi, ó sì ń wo ẹsẹ̀ mi.

“Kò dùn ún níbì kankan,” ni ó wí, jẹ́jẹ́. “Ẹ wò ó. Nínú gbogbo wa, òun tó ń sùn tì í ni nǹkan kan kò dùn. Kí ló dé?”

Gbogbo ojú wá sórí orúnkún mi. Àǹtí Fìlísíà ń wò ó. Ìyá mi ń wò ó. Mo fi aṣọ bò ó, mo sì rí i pé bíbò tí mo bò ó ti bà á jẹ́ sí i.

“Rárá,” mo wí. “Mi ò rí i rí.”

Yèyé gbé orí sókè, ó wò mí. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì pa á dé.

Akótógbó ni wọ́n mú un lọ, sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ti kú. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù rẹ̀ dé ìdí bọ̀lẹ̀kájà, pẹ̀lú èjìká yẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Yèyé béèrè pé, “Ọ̀pá mi dà?” Bọ̀dá Gébú ti fi dá iná. Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀pá ṣe, Yèyé? Ẹsẹ̀ yín ti le.” Èmi ni Yèyé yíjú sí, ó ní kí n máa fi àdín pa orúnkún Fìlísíà ní òwúrọ̀, kí n má tẹ̀ ẹ́ jù.

Ìyókù ni ó burú jù. Ara wọn yá. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí Yèyé lọ, wíwú orúnkún Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ìka ìyá mi ká. Bàbá mi gbé àdá. Bọ̀dá Gébú gun ọ̀pẹ, ó sì kígbe láti òkè pé kí gbogbo ènìyàn wá wo òun. Àwọn àna dé, wọ́n bá Àǹtí Fìlísíà nínú ẹkù. Ọ̀bẹ ń ha púpurú ní ìdájí, ìgbálẹ̀ ń gbálẹ̀, èmi nìkan sì dùbúlẹ̀ sínú yàrá ẹ̀yìn, mò ń dúró de ìró kẹta. Kò sẹ́ni tó tún nílò ẹ̀rí mìíràn. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́, èmi tí mo mọ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, dírẹ́bà bọ̀lẹ̀kájà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní Yèyé kí wa, ó ní kí a fi ọ̀pá òun ránṣẹ́, òun kò lè dìde mọ́. Bọ̀dá Gébú ní, “Ẹ ò rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló padà sí i lára.” Bàbá mi wọ inú ilé lọ. Ìyá mi ń ha púpurú, ọ̀bẹ rẹ̀ dúró. Ó wò mí, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò. N kò mọ̀ títí di òní ohun tí ó rí. Ó ní kí n lọ pọn omi.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, mo ti di ọmọge, mò ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ọ̀fìnkìn mú mi nígbà ọyẹ́, bí ó ti ń mú gbogbo ènìyàn. Ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, mo jí, orúnkún mi méjèèjì wú, wọ́n gbóná, ìka mi kò ká. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì mọ ẹni tó wá bá mi. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà ni ó tọ́jú mi, ó sì béèrè bóyá mo ti wúkọ́ láìpẹ́ yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Òun náà ni,” ó wí. “Kòkòrò kan ni, ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Imú ló gbà wọlé. Ara rẹ dìde sí i, ó lé e, ikọ́ sì tán. Ṣùgbọ́n ara kò tètè mọ̀ pé ìjà ti parí, ó ṣì ń bá oríkèé rẹ jà. Àwọn àgbà ló máa ń ṣe jù, pàápàá obìnrin. Kì í sábà ṣe àwọn ọmọdé bẹ́ẹ̀.”

“Àwọn kan ńkọ́, tí ikọ́ náà kò ṣe ní nǹkan?”

“Bóyá ó ti ṣe wọ́n rí, kí a tó bí ọ. Ara máa ń rántí.”

“Kí ni ó máa ń lé e lọ?”

“Kò sí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀.”

“Tí wọ́n bá lé ẹnì kan kúrò nílé ńkọ́?”

Ó wò mí bóyá ibà ti wọ orí mi. “Á lọ náà,” ó wí. “Tí wọ́n bá lé e, tí wọn ò lé e, á lọ.”

N kò dúró kí ó lọ. Mo gé ọ̀pá kan, mo wọ ọkọ̀ Akótógbó. Wọ́n fi ilé hàn mí láti òkèèrè. Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ nípọn, kò sí ẹnikẹ́ni ní àgbàlá. Mo ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́ọ́, wọ́ọ́, kó, n kò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ohùn kan fi ti inú yàrá jáde.

“Ta ló ń rìn bíi tèmi yẹn?”

Ó wà lórí ẹní, ó ti kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú bí ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo dárúkọ mi. Mo jókòó, mo sì sọ ọ́ kí n tó kí i tán, pé mo rí i ní gbogbo ọdún, pé mo mọ̀, pé mo ní rárá.

“Mo wà níbẹ̀ nígbà tí o sọ ọ́,” ni Yèyé wí.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé irọ́ ni?”

“Wọn ì bá ní ìwọ náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ. Fìlísíà ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń jó lórí ẹyìn?”

Mo ní ó ti bímọ mẹ́ta, ó sì ń jó. Yèyé mi orí. Ó na ọwọ́, ó wá orúnkún mi kiri títí ó fi bá a, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. “Ó gbóná,” ó wí. “Má bẹ̀rù. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.” Mo ní kó jẹ́ kí n pa tirẹ̀, ó gbà, àdín rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀, lábẹ́ orí ẹní. Mo fi ìka tí kò ká tẹ̀ ẹ́ títí oòrùn fi yẹ̀. Ewé gbígbẹ yẹn ṣì ń dún.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, mo gbé ọ̀pá mi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo di ògiri mú jáde, mo di igi mú, mo wọ́ ẹsẹ̀ dé etí ọ̀nà. N kò wẹ̀yìn. Ọ̀nà náà dákẹ́, ọyẹ́ sì ti gbé ilé náà mì lẹ́yìn mi, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá náà lórí ilẹ̀ yàrá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ń dán an wò: kó.